Àpò Iyanrìn Keje

"Orí kan ṣoṣo ni òfin gbà," ni ọ̀gá ilé ìkàwé yunifásítì wí, ó sì ti ìwé ìṣirò náà padà sábẹ́ tábìlì rẹ̀. "Mú orí tó o bá fẹ́, a ó bá ọ ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀. Odindi ìwé kọ́."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìdánwò wa ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìwé yìí ò sí lọ́jà mọ́. Ogójì ni wá ní kíláàsì."

"Mo gbọ́. Ẹni tó kọ ìwé ló ni ín. Bí mo bá dà á kọ tán láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, olè ni mo jà, wọ́n á sì mú yunifásítì mọ́ mi. Padà wá lọ́jọ́ Ajé."

Ó wò mí láti òkè gíláàsì ojú rẹ̀ bí ẹni ń wo ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ lórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù tán. Mẹ́ta nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi ló dúró lẹ́yìn mi. A ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí èyí tí à ń pè ní Ẹlẹ́nu fi bẹ̀rẹ̀.

"Ṣebí ìwọ lo ní ìyá rẹ ló ni ilé ìkàwé? Ẹ wá wo Orí Kan! Orí Kan, báwo ni?"

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Kó tó di ọjọ́ kejì, Orí Kan ti di orúkọ mi ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́.

Ìyá mi kọ́ ló ni ilé ìkàwé. Òun ló ń gbá a, tó ń nu tábìlì, tó sì ń to ìwé padà sáyè wọn. Ṣùgbọ́n èmi kì í tètè gbàgbé nǹkan. Ẹni tó bá tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lónìí, bó pẹ́ títí, mo ṣì mọ irú bàtà tó wọ̀. Mo ní obìnrin onígíláàsì yìí á mọ̀ pé òun fọwọ́ kàn mí lójú.

Lọ́jọ́ Sátidé, ilé ìkàwé kì í gba àlejò. Ìyá mi nìkan ló máa ń lọ gbá a, mo sì tẹ̀ lé e. Bó ṣe ń fọ fèrèsé yàrá ẹ̀yìn, mo fa ìwé náà yọ lábẹ́ tábìlì ọ̀gá, mo gbé e lọ sórí tábìlì keje.

Ẹ̀yìn ìwé náà le, kò fẹ́ là sílẹ̀. Torí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe fi aṣọ fèrèsé tó ti gbó rán àpò gbọọrọ gbọọrọ, tó rọ iyanrìn kíkù sínú wọn, tó sì fi òwú pupa kọ nọ́ńbà tábìlì sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo gbé àpò keje lé etí ìwé, mo ń fi fóònù ya ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Igba ó lé méjìlá ni.

Ó wá ku bí yóò ṣe jáde. Wáìfáì méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gbogbo, ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n kò lágbára. Èkejì jẹ́ ti òṣìṣẹ́, kálukú ló sì ní orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé tirẹ̀. Ìyá mi kì í lè rántí tirẹ̀, ó ti kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì iṣẹ́ rẹ̀. Káàdì náà wà nínú báàgì rẹ̀. Mo fi orúkọ ìyá mi wọlé, mo fi odindi ìwé ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ kíláàsì.

Kí n tó délé, Ẹlẹ́nu ti kọ̀wé padà: "Kì í ṣe Orí Kan mọ́ o! Orí Gbogbo!"

Inú mi dùn débi pé mo jẹun lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ọjọ́ Ajé dé, n kò padà lọ bá ọ̀gá. Kí ni mo tún fẹ́ gbà níbẹ̀?

Ìwé náà ò dúró ní kíláàsì wa. Ilé ẹ̀kọ́ kejì gbà á, ẹ̀kẹta gbà á. Lọ́jọ́bọ̀, ìyá mi ti délé kí n tó ti ilé ẹ̀kọ́ dé. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń lẹ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ mi tó ya. Kò gbójú sókè.

"Ọkọ mi, wọ́n ní kí n lọ jókòó sílé títí di ọjọ́ Ajé."

"Kí ló dé, mọ́mì?"

"Wọ́n jí ìwé ìṣirò tí Tíṣà Àgbà kọ jáde. Ọ́fíìsì kọ̀ǹpútà ní orúkọ mi ló gbé e jáde. Wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó wáìfáì ti pàṣẹ pé ẹni tó bá ṣí i fún aráàlú gbọ́dọ̀ lè sọ ẹni tó lò ó àti ohun tó fi ṣe. Wáìfáì ọ̀dẹ̀dẹ̀ kì í bèèrè orúkọ, torí náà wọ́n ti pa á." Ó fi eyín gé òwú. "Wọ́n tẹ ọ̀kan nínú àwòrán náà jáde fún mi. Mo rí òwú pupa mi níbẹ̀. Eéje."

Èmi nìkan ló bá a wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun náà sì mọ̀.

"Mo sọ fún wọn pé èmi ni," ló wí, ó sì na aṣọ náà sí mi. "Gbà, ó ti dáa."

Ká ní ó gbá mi létí ni, ì bá sàn. Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ló ń bà. Ọ̀gá ni mo sọ tèmi sí, orí ìyá mi ló bọ́ sí. Síbẹ̀ mo gba aṣọ náà, mo sì dúpẹ́.

Lọ́jọ́ kejì mo gba iwájú ilé ìkàwé kọjá. Àwọn ọmọ kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń gbé fóònù sókè sódò bí ẹni ń wá atẹ́gùn. Ọmọbìnrin kan láti kíláàsì kékeré rí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ibí ni mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́ o, a ò ní kọ̀ǹpútà nílé. Ṣé ẹ mọ ẹni tó bà á jẹ́ fún wa?"

"Mi ò mọ̀," ni mo wí. Ẹnu mi korò bí ẹni jẹ oògùn láìmu omi.

Sátidé kọjá, Sọ́ńdè kọjá. Gbogbo ìgbà tí ìyá mi bá mú abẹ́rẹ́, ara mi ni mo ń rò pé ó ń gún. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo kọ́kọ́ yà sí ilé ìkàwé kí n tó lọ sílé ẹ̀kọ́. Ọ̀gá wà lẹ́yìn tábìlì rẹ̀. Tíṣà Àgbà tó kọ ìwé náà, bàbá arúgbó tó ti fẹ̀yìn tì, jókòó tì í, ọ̀pá rẹ̀ láàárín orókún. Mo kúnlẹ̀.

"Ìyá mi ò mọ nǹkan kan. Èmi ni mo jí káàdì rẹ̀ wò. Èmi ni mo ya ìwé náà."

Ọ̀gá ò pariwo. Ó fa àpótí tábìlì rẹ̀, ó na ìwé kan sí mi. "Kà á sókè."

Mo kà á. "Mo yọ̀ǹda kí ilé ìkàwé ṣe ẹ̀dà ogójì nínú ìwé mi fún àwọn ọmọ kíláàsì náà. N kò gba nǹkan kan." Ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ ni Sátidé tí mo ń ya àwòrán.

"Mo ní kó o padà wá lọ́jọ́ Ajé," ni ọ̀gá wí. "Sátidé yẹn ni mo fẹsẹ̀ ara mi lọ sílé Tíṣà. Ìlà méjì péré ló kọ, gbogbo rẹ̀ ti yanjú. Ìwọ ò wá."

Tíṣà Àgbà mi orí. "Ọmọ mi, ogójì ni mo fi ta yín lọ́rẹ. Ìwọ fi gbogbo rẹ̀ ta ayé lọ́rẹ. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń tún ìwé yẹn ṣe. Mo ṣìṣe nínú orí kẹsàn-án, mo ti wá a rí, mo ti tún un kọ. Òǹtẹ̀wé wá ní òun ò ṣe é mọ́, ta ló fẹ́ rà á? Ká ní ogójì yín nìkan ni, ǹ bá bá yín tún un ṣe. Àṣìṣe mi ni gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ń há sórí báyìí, n kò sì lè pè é padà."

Mo fi ìwé náà lé orí tábìlì, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n gba ìyá mi padà, torí mo ti jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ ìwọlé sẹ́yìn káàdì ò ṣọ́ra tó. Àgbàlá ló ń gbá báyìí, nínú oòrùn. A ṣe ìdánwò, wọn ò tíì ṣí wáìfáì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo yege. N kò fi èsì náà han ẹnikẹ́ni.

Mo bi ìyá mi lọ́jọ́ kan bóyá ó ṣì ń bínú sí mi.

"Èmi? Rárá," ló wí. "Òfin náà ò bínú sí ẹ nígbà yẹn. Ìwọ lo bínú sí òfin."

Mo ti wí pé n kì í tètè gbàgbé nǹkan. Ọ̀gá onígíláàsì ti kúrò lọ́kàn mi tipẹ́. Èmi fúnra mi ni mò ń bá ṣe kèéta báyìí. Ìwọ tó ń ka èyí, iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn kì í ṣe tìrẹ nítorí pé ó wà ní àrọ́wọ́tó rẹ. Béèrè. Bí wọ́n bá sì ní kó o padà wá lọ́jọ́ Ajé, padà lọ.