Eyín Àlùmọ́gàjí Lára Àwòrán Ilẹ̀

Ìwọ tó ń ka ìtàn yìí, ṣọ́ra. Bí ohun àtijọ́ kan bá wà nínú àpótí ilé yín, má fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lójú ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí ọ. Kódà ọkọ rẹ. Pàápàá ọkọ rẹ! Gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Perpétue ní abúlé Kèrè, lẹ́bàá Dassa.

"Olè! Olè ni ọ́!" Modeste ju àpò aṣọ ìyàwó rẹ̀ sójúde. "Ọdún méjìlélógún ni mo fi ń bá olè gbé!"

Perpétue dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di etí ìró rẹ̀ mú. Ẹ̀rù ń bà á. Ó ń wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ó ń wo ojú Marlène.

Marlène ni ìyàwó kejì, aránṣọ tí Modeste gbé wá láti Paouignan lọ́dún méjì sẹ́yìn. Alárékérekè! Ó fara ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà.

"Ìyálé mi, ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ tà á sí o! Àbí ẹ ti fi dáná ẹ̀wà?" Ó bú sẹ́rìn-ín.

Àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà kan ni wọ́n ń wá, èyí tí àwọn òyìnbó tẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ọkọ̀ ojú omi yí etí ilẹ̀ wa ká. Orúkọ kún etíkun rẹ̀ bí èèrà, ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ ṣófo. Erin kan ṣoṣo ni wọ́n yà síbi tó yẹ kí òkè Dassa wà. Fada àgbà kan ló fi ta Gilbert lọ́rẹ, bàbá bàbá Modeste, tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní katikísìmù. Gilbert fi yíǹkì ṣe àmì kan sẹ́bàá ẹsẹ̀ erin náà, ó ní, "Ibí la wà." Ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí etí ìsàlẹ̀ ìwé náà. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́, wọ́n á ṣí àpótí, ọmọ kọ̀ọ̀kan á fi ìka kan àmì náà, á sì dárúkọ ara rẹ̀.

Lọ́dún yìí, wọ́n ṣí àpótí. Òfìfo! Perpétue, ìyàwó àgbà, ló sì ń so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró rẹ̀. Bàbá Cyprien, olórí ẹbí, fún un lọ́jọ́ mẹ́jọ kó wá a jáde, tàbí kó fi ilé sílẹ̀. Ọjọ́ kẹjọ ló pé yìí.

Ohun méjì ni Perpétue mọ̀ tí kò sọ. Àkọ́kọ́: ṣáájú ọjọ́ àjọ̀dún, ó bọ́ ìró rẹ̀ sílẹ̀ lọ wẹ̀, ó padà dé, kókó etí ìró rẹ̀ kì í ṣe èyí tó ta. Ẹ̀ẹ̀mejì lòun máa ń ta á. Èyí jẹ́ ẹyọ kan, ó le koko, bí ọkùnrin ṣe ń so ewúrẹ́. Ó tú u, ó tún un ta.

Èkejì: lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n fi ń bú u, ó ń kó ẹyin nínú ìkòkò fífọ́ tí adìyẹ ń yé sí. Láàárín àjákù aṣọ tí Marlène ń gbá dànù, ó rí ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ọdún mẹ́ta péré ló lò nílé ìwé. Ó rọra kà á, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. Gil... bert. Àwọn lẹ́tà kéékèèké àti nọ́ńbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti gé e ní eyín bíi ti ayùn. Bó bá gbé e jáde, ṣé wọn ò ní sọ pé òun ló gé e? Ó fi í há inú ìwé àdúrà.

"Perpétue, o ò ní sọ̀rọ̀ ni?" Bàbá Cyprien, tó jókòó sórí ẹní lójúde, bi í.

"Bàbá, mi ò jí i. Bó bá jẹ́ èmi ni, kí ilẹ̀ tí wọ́n sin Bàbá Gilbert sí má gbà mí!"

"Ìbúra olè!" Marlène tutọ́ èèpo ẹ̀pà dànù.

Ibẹ̀ ni ọ̀kadà kan ti dúró. Tàófíìkì, tó ń ta nǹkan àtijọ́ lọ́jà Dassa, bọ́ sílẹ̀, ó ká nǹkan kan mọ́ abíyá.

"Ẹ kú ilé o. Marlène aránṣọ ni mò ń wá. Paouignan ni mo kọ́kọ́ lọ, wọ́n ní ibí ló wà."

"Mi ò mọ ọkùnrin yìí rí!" Marlène yára ní.

"Háà, màdáámù! Ìwọ tó o tà á fún mi, tó o ní ogún bàbá rẹ ni?" Ó tẹ́ ìwé náà sórí ẹní. Erin Gilbert nìyẹn! "Mo gbé e dé Kutọnu. Òyìnbó tó fẹ́ rà á sọ pé etí ìsàlẹ̀ ni orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ àti ọdún rẹ̀ máa ń wà, wọ́n sì ti gé e kúrò. Ó ní láìsí i, òun ò fọwọ́ kàn án. Jọ̀ọ́, fún mi ní etí tó kù."

Ẹ wo ìkà òmùgọ̀! Orúkọ Gilbert ni Marlène ń sá fún tó fi gé e, ó sì gé iyì ohun tó jí mọ́ ọn!

Perpétue wọlé, ó mú ìwé àdúrà rẹ̀ jáde, ó kúnlẹ̀, ó fi ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ náà ti ìdí àwòrán. Eyín wọ inú eyín, kò yẹ̀.

"Marlène," Bàbá Cyprien ní, "gbé àlùmọ́gàjí tó o fi ń gé etí aṣọ wá."

Orí ẹ̀rọ ló wà. Eléyín ni. Kò sí irú rẹ̀ mìíràn nínú ilé náà.

"Èmi nìkan kọ́!" Marlène figbe ta. "Modeste ló tú kọ́kọ́rọ́! Ó ní ká lọ máa gbé ní Parakou, ká fi arúgbó ìyàwó rẹ̀ yìí sílẹ̀!"

"Irọ́! Ẹnu rẹ á bó!" Modeste yíjú sí ìyálé. "Perpétue, ìyàwó mi àtàtà, sọ fún wọn pé kọ́kọ́rọ́ ò kúrò lára rẹ rí!"

Olè àárọ̀ ti di ìyàwó àtàtà!

Perpétue tú kókó etí ìró rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì, ó fi kọ́kọ́rọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ Bàbá Cyprien.

"Wọ́n tú u nígbà tí mo ń wẹ̀. Kókó ọkùnrin ni mo bá níbẹ̀."

Kí oòrùn tó kanrí, Tàófíìkì ti di ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́ ọ̀kadà rẹ̀ dípò owó tó fi ra àwòrán náà, Marlène sì ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Paouignan, àwọn ọmọ ilé ń hó tẹ̀ lé e. Bàbá Cyprien ní kí Modeste náà máa lọ, kò ní fọwọ́ kan àmì Gilbert mọ́ láyé.

Modeste dúró níbi tó ju àpò sí láàárọ̀. "Perpétue, bá mi bẹ̀ wọ́n! Kí ni mo máa sọ fún àwọn èèyàn? Sọ ohun kan, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan!"

Perpétue gbé àpò rẹ̀ nílẹ̀, ó gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀ dànù.

"Mo ti sọ tán," ló wí, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.