Láptọ́ọ̀pù Tíṣà Tó Ń Pẹ́ Jí

Nígbà tí ọkùnrin náà sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ṣọ́ọ̀bù tí Simiat ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Arámọ̀kọ, ọmọ ìkókó ni Simiat kọ́kọ́ rò pé ó gbé dání. Ó fi táwẹ̀lì wé e, ó gbá a mọ́ àyà, ó sì ń rọra gbẹ́sẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ìgbà tó tú táwẹ̀lì lórí tábìlì ni Simiat rí i pé láptọ́ọ̀pù ni. Ẹ̀rín fẹ́ pa á, ṣùgbọ́n oníbàárà ni, ó gbé ẹ̀rín mì.

"Ẹ káàsán. Mákindé lorúkọ mi, tíṣà ni mí ní Erio. Ó ń pẹ́ kó tó jí."

"Báwo ló ṣe ń pẹ́ tó?"

"Mo máa ń tàn án kí a tó bẹ̀rẹ̀ àdúrà òwúrọ̀ nílé. A ó kọrin, màmá mi á ka Bíbélì, wọ́n á gbàdúrà fún gbogbo ẹbí, títí kan àwọn tó wà ní Kánádà. Tí a bá ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú."

"Ẹ ò ní kí wọ́n gbàdúrà fún òun náà?"

"Wọ́n ti ṣe é. Wọ́n tiẹ̀ ta òróró sí i lórí."

Simiat tẹ bọ́tìnì kan, ó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. Mákindé náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí kì í bínú sí ara rẹ̀, ó sì wu Simiat láti tún gbọ́ ọ.

Gbogbo ọmọléèwé tó ti yá ẹ̀rọ náà lò ló ti kó nǹkan tiwọn sínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti tàn án, gbogbo ẹ̀ á jí lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọmọ ilé tó fẹ́ jọ gba ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo jáde. Simiat ní kí èyí tí kò wúlò máa sùn lọ. Ara ẹ̀rọ yá díẹ̀, ṣùgbọ́n dísìkì inú rẹ̀, ibi tó ń kó gbogbo nǹkan pamọ́ sí, ti gbó. Èyí tí wọn yóò fi rọ́pò rẹ̀ di ohun tí wọ́n ń retí láti Adó.

Dísìkì pẹ́. Mákindé ò pẹ́ ní tiẹ̀. Ó ń wá ṣáá, ó ń gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà wá.

"Tíṣà, mo ní n ó pè yín tó bá dé."

"Fóònù mi kì í gbọ́ dáadáa ní Erio."

"Fóònù tí a fi ń sọ̀rọ̀ ní alaalẹ́?"

Kí òjò tó dá lọ́dún náà, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn, Tíṣà sì ti di "ayọ̀ mi". Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá le. Díákónì obìnrin ni Màmá Rebecca, ìyá Mákindé.

"Wọ́n ní tí o bá máa wọ ulé àwọn, àfi kí o ṣèrìbọmi," Mákindé wí. "Mo ní mi ò ní bẹ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ láé. Ṣùgbọ́n Simi, mi ò lè gbéyàwó lẹ́yìn ìyá mi."

Bàbá Simiat, àgbẹ̀ kòkó, ti ní ẹnikẹ́ni tó bá wù ú ni kó fẹ́, bí Simiat bá ṣáà ti ń kírun rẹ̀. Simiat fẹ́ràn ọkùnrin yìí gan-an. Síbẹ̀, láti kékeré ló ti ń kírun, kò mọ ojú tí òun yóò fi wo Ọlọ́run bí òun bá fi ìrun sílẹ̀ torí ọkọ.

Ọjọ́ tí dísìkì dé, Màmá ránṣẹ́ pé kó wá pààrọ̀ rẹ̀ nílé. Simiat mọ̀ pé kì í ṣe dísìkì ni wọ́n fẹ́ wò. Ó lọ.

Màmá jókòó tì í ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń wò ó títí ó fi pààrọ̀ dísìkì náà, tó sì de ẹ̀rọ padà tán. Ó tan ẹ̀rọ. Kí Màmá tó wọ awò ojú wọn tán, ó ti jí.

"O káre, ọmọ mi," ni wọ́n wí. Inú Simiat dùn gan-an.

Àsìkò ìrun Alásárì ló dé yẹn. Mákindé wò ó. Bí Simiat bá dákẹ́, ọjọ́ náà á parí síre. Ó dìde.

"Màmá, ẹ má bínú. Àsìkò ìrun mi ti tó. Mo fẹ́ sáré dé mọ́sálásí, màá padà wá kí yín."

Màmá dìde, wọ́n wọlé lọ. Simiat bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ rẹ̀. Ó ti parí nìyẹn. Mákindé gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo ń bá ẹ lọ."

"Síbo?"

"Mọ́sálásí. Màá dúró dè ẹ́ níta."

Wọn ò tíì kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí Màmá fi jáde. Kẹ́tùlù omi wà lọ́wọ́ wọn, ẹní wà ní abíyá.

"Ibẹ̀ jìnnà," ni wọ́n wí. "Ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Òkè-Ìmẹ̀sí ni mo ti dàgbà. Mùsùlùmí ni wọ́n, èmi ni mo ń gbé omi àlùwàlá fún wọn. Ẹni tí kò purọ́ fún mi torí ọkọ, kò ní purọ́ fún ọkọ." Wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n wo oòrùn, wọ́n yí i díẹ̀ kó lè kọjú síbi tó yẹ.

Omijé dà lójú Simiat bó ṣe ń ṣàlùwàlá. Nígbà tó kírun tán, Mákindé jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń retí rẹ̀.

"Simi, ṣé o máa fẹ́ mi?"

"Màá fẹ́ ẹ."

Màmá gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà. "Ọjọ́ wo ni bàbá rẹ kì í lọ sóko?"

"Ọjọ́ Jímọ̀, Màmá."

"Sọ fún wọn pé à ń bọ̀ wá tọrọ ọmọ wọn ní Jímọ̀. A ó jẹ́ kí wọ́n kírun tán ná."