Irúgbìn Ẹ̀gúsí Tí Ràmọ́tà Pò Mọ́ Oògùn

Láàárọ̀ Sátidé tí ìyá Ràmọ́tà wọlé dé sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, inú ilé dùn. Haneefah, ọmọ Ràmọ́tà, ọmọ ọdún mẹ́fà, kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà.

"Màmá, ẹ sinmi," ni Ràmọ́tà wí. "Mo ń sáré dé Sábó lọ ra ẹran."

Oṣù méjì ṣáájú, ó ti ṣa bàrà tó gbó jù lẹ́yìnkùlé sọ́tọ̀ fún irúgbìn. Ó fọ́ wọn, ó jẹ́ kí wọ́n rà, ó fọ ẹ̀gúsí inú wọn, ó sá a gbẹ. Eérú ni ìyá rẹ̀ máa ń fi pa irúgbìn mọ́, ṣùgbọ́n ẹnìkan ta oògùn kòkòrò fún Ràmọ́tà nínú ìgò tí kò ní orúkọ lára. Ó pò ó mọ́ ẹ̀gúsí náà, ó tún sá a, ó sì dà á sínú agolo mílíìkì nílé ìdáná. Kò kọ nǹkan kan sí i lára. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó ti Sábó dé, òórùn ọbẹ̀ ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, níbo lẹ ti rí ẹ̀gúsí?"

"Nínú agolo rẹ ni. Ó ń rùn díẹ̀ bíi kẹrosíìnì, mo bá fọ̀ ọ́ dáadáa kí n tó bó o. Èmi àti Haneefah ti jẹun."

Ẹran bọ́ lọ́wọ́ Ràmọ́tà. Ó yẹ kó lọgun lójú ẹsẹ̀, àmọ́ ìtìjú mú un. Ó ní bóyá kò ní ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ó bu epo pupa fún wọn mu. Ìgbà tí itọ́ ń ṣàn lẹ́nu ìyá, tí ara Haneefah sì ń gbọ̀n, ló tó pe Mìkáílù ọkọ rẹ̀ pé kó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá.

Ní ọsibítù, Dókítà Akínkúnmi béèrè ìgò oògùn náà.

"Mo ti sọ ọ́ nù, sà. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀."

"Epo pupa kì í pa májèlé o, ṣe ló tún lè dá kún un. Wákàtí kan tẹ́ ẹ fi ń wò wọ́n nílé yẹn, à bá ti fi tọ́jú wọn."

Ìyá rẹ̀ rọra yíjú sí i. "Ràmọ́tà, ṣé kì í ṣe eérú lo fi sí i ni?"

Kí oòrùn tó wọ̀, ìyá ti kú. Haneefah yè é.

Títí dòní, bí Ràmọ́tà bá ń dáná lọ́sàn-án, ó máa ń gbọ́ pa, pa, pa lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni ń bó ẹ̀gúsí. Bó bá wẹ̀yìn, kò ní rí ẹnikẹ́ni. Haneefah kì í fọwọ́ kan oúnjẹ mọ́ láìkọ́kọ́ béèrè pé, "Mọ́mì, ṣé kò sí oògùn níbẹ̀?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú irúgbìn, ẹ sá a gbẹ dáadáa, ẹ pò ó mọ́ eérú tó ti tutù, kí ẹ sì dé e pa. Bó bá jẹ́ oògùn lẹ lò, ẹ kọ MÁJÈLÉ sí i lára, ẹ má gbé e sítòsí oúnjẹ. Fífọ̀ kò lè mú un kúrò. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì jẹ ẹ́, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín: ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kí ẹ mú ìgò náà dání. Ẹ sọ ọ́ fún ará ilé yín lónìí, kí ẹnikẹ́ni tó dáná.