Ẹni Tó Wà Lẹ́yìn Rẹ̀mílẹ́kún

Oòrùn ọjọ́ ọjà kò tíì ga nígbà tí Ayọ̀kúnlé rí ọmọbìnrin náà tó ń gun òkè bọ̀ láti ọ̀nà Ìgèdè. Eruku pupa ti kùn ún dé orúnkún. Ó pọn nǹkan sẹ́yìn, ó fi ọ̀já méjì dì í, ó sì ń rìn bí ẹni tó ti pinnu pé òun kò ní jókòó lọ́nà. Gbogbo àwọn tó ń lọ sọ́jà Adó ló ń yà fún un.

Ayọ̀kúnlé ni dírẹ́sà, ẹni tí ń wẹ egbò tó sì ń dì í, ní ilé ìwòsàn kékeré ẹ̀bá ọ̀nà, láyé ìgbà tí lọ́rí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ọ̀nà Adó. Ó jáde sí ìloro, ó ní, "Sọ ọmọ náà kalẹ̀, kí n wò ó."

Orí funfun kan yọ lẹ́yìn èjìká ọmọbìnrin náà.

"Ọmọ wo?" ni arúgbó inú ọ̀já béèrè.

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ yẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ló wọ Ayọ̀kúnlé lára, kó tó mọ orúkọ rẹ̀ rárá.

Rẹ̀mílẹ́kún lorúkọ náà. Ọjọ́ tí wọ́n bí i ni ìyá rẹ̀ kú, ìyá ìyá rẹ̀ yìí, Yèyé, ló sì pọ̀n ọ́n dàgbà. Ní báyìí, egbò ti jẹ kókósẹ̀ Yèyé, orúnkún ti kọṣẹ́, èébì sì ń gbé e bó bá ti gbọ́ òórùn èéfín lọ́rí. Ni Rẹ̀mílẹ́kún bá gba ọ̀já náà sẹ́yìn tirẹ̀.

Ayọ̀kúnlé wẹ egbò náà, ó dì í, ó ní kí wọ́n máa padà wá ní gbogbo ọjọ́ ọjà, àti pé bí wọ́n bá délé, kí Yèyé máa gbé ẹsẹ̀ náà sókè. Yèyé wò ó títí. Ó ní ọmọ Èkìtì wo ló ń pe "ilé", ulé ni. Ayọ̀kúnlé ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ àwọn ní ilé ìwé. Yèyé ní kó ṣọ́ra kí ìwé má kó ẹnu rẹ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wá. Láti ìsàlẹ̀ òkè ni Yèyé á ti máa pè, "Dírẹ́sà, ọmọ rẹ dé o." Bí egbò ṣe ń kéré sí i ni ọ̀rọ̀ Ayọ̀kúnlé àti Rẹ̀mílẹ́kún ń gùn sí i. Nígbà tó yá, ó ń sìn wọ́n dé odò ẹ̀yìn ìlú, ibẹ̀ ló sì ti sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Rẹ̀mílẹ́kún kò fi falẹ̀. "Mo ti kọ ọkùnrin méjì nítorí ohun tí mo fẹ́ bi yín yìí. Ẹni tó bá fẹ́ mi, èèyàn méjì ló fẹ́. Ṣé yàrá wà fún Yèyé?"

"Yàrá wà."

"Ẹ bi ìyá yín ná."

Ìyá Ayọ̀kúnlé, Mosúnmọ́lá, tí wọ́n jọ ń gbé, kì í sọ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ìyàwó lòun ní kó wá, òun kò rán an ní ìyá. Aṣọ àti ìkòkò ni ìyàwó ń kó wọlé ọkọ. Òun kò rí èyí tó pọn arúgbó wọlé rí. Ayọ̀kúnlé kò bá a jà. Ó ní òun kò ní fẹ́ ẹlòmíràn, ó sì gba ibi iṣẹ́ lọ.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, bó ṣe ń sìn wọ́n lọ, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Rẹ̀mílẹ́kún. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń sọ ọ́, nítorí Yèyé ti sùn. Àwọn méjèèjì gbàgbé pé etí ẹni tí a pọ̀n ló sún mọ́ ẹnu ẹni jù.

Ọjọ́ ọjà kan kọjá, wọn kò wá. Ìkejì kọjá. Ní ìkẹta, Ayọ̀kúnlé kó oògùn àti báńdéèjì sínú àpò. Mosúnmọ́lá wé gèlè, ó ní òun náà ń lọ, kí òun fi ẹnu ara òun sọ ọ́, kí ọ̀rọ̀ náà lè tán.

Rẹ̀mílẹ́kún pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà ní Ìgèdè. Ó ní Yèyé sọ pé ẹsẹ̀ òun ti jiná, kò sì gbà kí wọ́n pọn òun mọ́. Ohun tó kù tó ń sọ kò ju kí Rẹ̀mílẹ́kún máa lọ sílé ọkọ. Òórùn irú ló kún inú yàrá, igbá irú kan sì wà lábẹ́ ibùsùn. Ṣùgbọ́n irú kò lè bo òórùn egbò mọ́ imú dírẹ́sà. Ó tú aṣọ tí Yèyé fi di ẹsẹ̀ náà. Egbò ti padà jinlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Yèyé ní, "Mo gbọ́ yín lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mo dí ọ̀nà mọ́ ọn. Mo ní bó bá lọ tán, kí ẹsẹ̀ náà ṣe bó ṣe wù ú."

Rẹ̀mílẹ́kún kò sunkún. "Ẹ pọ̀n mí títí mo fi mọ ìrìn, Yèyé. N kò ní fi yín sílẹ̀, n kò sì ní fi dírẹ́sà sílẹ̀. Ẹ na ẹsẹ̀ yín."

Mosúnmọ́lá tó wá sọ ọ̀rọ̀ sún mọ́ ibùsùn. Ó wo ẹsẹ̀ arúgbó náà, ó wo tirẹ̀, ó wá béèrè ibi tí omi wà. Òun ló di abọ́ mú títí ọmọ rẹ̀ fi wẹ egbò náà tán.

Bí wọ́n ti ń padà lọ́nà Adó, Mosúnmọ́lá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Èmi náà ní ẹsẹ̀ méjì, Ayọ̀kúnlé," ló wí. "Yàrá ẹ̀gbẹ́ ìdáná ni kí o tún ṣe. Òtútù kò dára fún un."

Iṣu tuntun ti jáde kí egbò náà tó jiná. Orúnkún kò padà bọ̀ sípò ní tirẹ̀. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, bí wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, àwọn obìnrin ilé gbé omi dúró lẹ́nu ọ̀nà láti fọ ẹsẹ̀ ìyàwó kó tó wọlé. Rẹ̀mílẹ́kún dé nínú aṣọ funfun, ọ̀já méjì láyà, Yèyé lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní ẹsẹ̀ mẹ́rin lòun rí. Èwo ni ti ìyàwó?

Mosúnmọ́lá gba igbá omi lọ́wọ́ wọn, ó sì kúnlẹ̀. Ẹsẹ̀ méjì tó ń fì lókè ló kọ́kọ́ fọ̀, ó rọra yí ojú àpá náà ká, kó tó fọ ti ìyàwó.

Yèyé na ọrùn wo inú ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Dírẹ́sà, kí lo ń pe ibí yìí?"

"Ulé ni, Yèyé," ni Ayọ̀kúnlé wí, ó sì yà fún wọn kí wọ́n wọlé.