Pẹ́ńsùlù Àbọ̀ Tí Wọ́n Fi Ṣe Sàráà Raudah

Lemọ́mù sálámà sọ́tùn-ún, ó sálámà sósì. Màsúdát náà ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó fọwọ́ pa ojú, ó sì jáde láti apá ibi tí àwọn obìnrin ti ń kírun. Bàtà rẹ̀ wà níbẹ̀. Búútà tó fi ṣe àlùwàlá wà níbẹ̀. Báàgì Gáná-mọ́sìgò méjì tó gbé ti ògiri mọ́sálásí kò sí níbẹ̀ mọ́, ọkùnrin tó ní òun yóò bá a ṣọ́ wọn kò sì sí.

Ó kọ́kọ́ rò pé oòrùn ló mú kí ọkùnrin náà gbé ẹrù sí ibòòji. Ó yí mọ́sálásí ká. Ó wo ẹ̀yìn táǹkì omi, ó wo abẹ́ tábìlì ẹni tó ń ta bàtà. Ó tún yí i ká. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó jókòó lé búlọ́ọ̀kù kan, ó káwọ́ lérí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú báàgì yẹn, kí ẹ tó sọ pé ẹrù lásán ni.

Tíṣà kíláàsì kejì ni Màsúdát, ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí òrùlé rẹ̀ ń jò. Ìsinmi àárín táàmù ni, láti àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn ló sì ti ń ti ṣọ́ọ̀bù kan bọ́ sí òmíràn ní Challenge, ní Ìlọrin. Ó ra ìwé ìkọ̀wé, káàdìbọ́ọ̀dù, gọ́ọ̀mù, kírẹ́yọ̀nù àti pẹ́ńsùlù. Ṣọ́ọ̀kì, ó fa á nílẹ̀ wò kó tó sanwó, torí èyí tó bá ń dún kíìkíì lára pátákó, àwọn ọmọ a máa di etí. Ìwé, ó ka ewé rẹ̀, torí àwọn kan wà tí ewé wọn kì í pé. Owó tó ń ná kì í ṣe tirẹ̀, kì í sì í ṣe ti ìjọba. Ewúrẹ́ Raudah ni wọ́n tà.

Ọmọ ọdún méje ni Raudah, bẹ́ǹṣì iwájú ló ń jókòó sí. Ibà mú un lọ́jọ́ Ajé kan, nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀ wọ́n ti sin ín. Ọmọ náà ní ìwà kan: bí ẹni tó jókòó tì í kò bá ní pẹ́ńsùlù, yóò ki tirẹ̀ bọ ẹnu, yóò fi eyín ṣẹ́ ẹ sí méjì, yóò fún un ní àbọ̀. Nafisah, ìyá rẹ̀, ta ewúrẹ́ tí ọmọ náà máa ń já ewé fún láràárọ̀, ó kó owó rẹ̀ wá fún tíṣà.

"Aǹtí, ẹ bá mi ra ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa lò," ó ní. "Lọ́jọ́ fìdáù ogójì ọjọ́ ni ká pín in. Bí wọ́n bá ṣe ń kọ ọ́, kí láádá rẹ̀ máa tọ̀ ọ́ lọ."

Ìdí nìyẹn tí Màsúdát fi yá réésà ní ṣọ́ọ̀bù, tó jókòó, tó gé gbogbo pẹ́ńsùlù sí méjì-méjì, tó sì fi òwú pupa di àbọ̀ méjì-méjì pọ̀. Ẹni tó ta ọjà fún un ń wò ó bíi pé orí rẹ̀ kò pé.

"Aǹtí, ẹ ti ba ọjà jẹ́ o. Ta ló ń lo pẹ́ńsùlù àbọ̀?"

"Kíláàsì tiwa ń lò ó."

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n pe ìrun Àlàásàrí. Ọkùnrin kan jókòó lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí tó wà lẹ́yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù náà, jàlàbíyà funfun lọ́rùn, tẹ̀súbáà lọ́wọ́, báàgì ìrìn-àjò kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Aǹtí, ẹ wọlé lọ kírun," ó ní. "Arìnrìn-àjò ni mí, Malete ni mò ń lọ. Mo ti kó Àìlà pọ̀ mọ́ Àlàásàrí, mo ti kí méjèèjì. Àmánà ni ẹrù yín lọ́wọ́ mi, mi ò ní jẹ́ kó sọnù." Ará ibòmíràn ì bá rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bá ti dárúkọ àmánà létí rẹ̀, ó ti parí. Màsúdát dúpẹ́, ó wọlé.

Abdulmumini, ládàánì tó ń pe ìrun ní mọ́sálásí náà, ló wá bá a lórí búlọ́ọ̀kù.

"Kí ló sọ fún ẹ?"

"Pé arìnrìn-àjò lòun."

"Níbo ló ní òun ń lọ?"

"Malete."

Bàbá náà ṣí fìlà lórí. "Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, Jẹ́bà ló sọ fún mi. Ẹ̀rọ ìránṣọ obìnrin kan sọnù lọ́jọ́ náà. Èmi rò pé obìnrin yẹn ló gbàgbé ibi tó gbé e sí, mo tiẹ̀ bá a wí. Asitagafirulái."

Màsúdát kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó sáré bọ́ sí títì. Ní ìkóríta, láàárín àwọn ọkọ̀ tó dúró, ó rí kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan tí báàgì rẹ̀ yọ síta, apá tó wọ funfun sì dì í mú. Ó sá tẹ̀lé e, ó ń pariwo olè. Ọwọ́ rẹ̀ tó irin kẹ̀kẹ́ náà. Ọkùnrin inú rẹ̀ wò ó lójú kòrókòró, ó sì rọra ń ṣí ìka rẹ̀ kúrò lára irin, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọdé. Ọ̀nà là, kẹ̀kẹ́ náà lọ.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, sájẹ́ǹtì obìnrin kan tó ń jẹ́ Àánúolúwapọ̀ gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. "Bí o bá rí ohun kan ṣoṣo nínú ẹrù náà níbikíbi, pè mí," ó ní. "Má bá ẹnikẹ́ni jà."

Ọ̀rọ̀ olè ṣòroó sọ fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Màsúdát gbé e mọ́ra títí di ọjọ́ Ajé, àṣìṣe rẹ̀ sì nìyẹn, torí ẹlòmíràn ti lọ sọ ọ́ fún Nafisah. Nafisah wá sí ilé-ìwé. Wọ́n fún un ní àga, kò jókòó.

"Aǹtí, wọ́n ní kò sí ìwé, kò sí pẹ́ńsùlù."

"Wọ́n jí i ni. Wàláì, wọ́n jí i."

"Níbo?"

"Ní mọ́sálásí."

"Ní mọ́sálásí." Nafisah tún un sọ jẹ́jẹ́. "Ọlọ́hun gba ọmọ lọ́wọ́ mi, mi ò bá A jà. Ewúrẹ́ ọmọ mi dà, Aǹtí?"

Kò bú u. Ì bá sàn kó bú u. Ó yí padà, ó lọ, àwọn tíṣà yòókù sì ń wolẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà ló kù kí fìdáù pé. Màsúdát wọ kíláàsì, ó kọjú sí pátákó bí ẹni tó fẹ́ kọ nǹkan, ó sunkún níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, ó lọ ra iṣu ní ọjà Ipata lẹ́yìn iṣẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn oníṣu, obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Hadiza to ìwé ọmọ iléèwé sórí tábìlì. Nínú agolo mílíìkì kan níwájú rẹ̀, pẹ́ńsùlù àbọ̀ dúró gátagàta, òwú pupa lára gbogbo wọn. Iṣu bọ́ lọ́wọ́ Màsúdát.

"Ìyá, eléwo nìyí?"

"Èènì ni. Ẹni tó bá ra ìwé ni mo fi ń ṣe é fún. Ta ni yóò fowó ra àbọ̀?"

"Ta ló kó o wá fún yín?"

"Kí ló dé tí o fi ń bi mí?"

"Ọwọ́ mi yìí ló gé e. Èmi ni mo so òwú yẹn. Sàráà òkú ọmọ ni, ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kó o wá?"

Hadiza fọwọ́ di àyà mú. Ọmọ òun náà ti kú rí, ó hàn lójú rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. "Ọkùnrin kan ni. Ó ní ilé-ìwé aládàáni kan ló kógbá sílé, pé wọ́n ń ta ẹrù ibẹ̀. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló máa ń wá, lẹ́yìn Àlàásàrí. Ó tiẹ̀ máa ń ṣàdúà fún mi."

Ọ̀la ni Ọjọ́bọ̀. Màsúdát pe sájẹ́ǹtì, ó sì ránṣẹ́ sí ládàánì pé kó wá dá ọkùnrin náà mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Àánúolúwapọ̀ jókòó ti Hadiza lẹ́yìn tábìlì, nínú híjáàbù tí obìnrin náà yá a. Ládàánì wà lẹ́bàá lọ́rì kan, Màsúdát wà lẹ́yìn òkìtì iṣu. Aago márùn-ún kù díẹ̀ ni ọkùnrin náà dé, páálí ẹlòmíràn ló gbé léjìká.

"Sàlámù aléékún, ìyá wa."

"Kí lẹ gbé wá lónìí?" Sájẹ́ǹtì ló béèrè.

Ọkùnrin náà wò ó. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Híjáàbù ti bo gbogbo ara, ṣùgbọ́n bàtà ọlọ́pàá dúdú tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn ló wà lẹ́sẹ̀ obìnrin náà. Kò rántí pààrọ̀ rẹ̀. Ni baba olè bá ju páálí sílẹ̀. Ó fo òkìtì iṣu kan, iṣu tú ká, ó gba abẹ́ lọ́rì já sí òdìkejì. Kẹ̀kẹ́ tó gbé e wá ṣì wà níbẹ̀. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan wọ inú rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ méjì bá a lọ́rùn jàlàbíyà. Màsúdát ni. Lọ́tẹ̀ yìí, kò di irin mú. Aṣọ ń ya, kò jù ú sílẹ̀, títí àwọn alábàárù fi dé.

Ẹnìkan ti ń béèrè táyà tí wọ́n máa fi sun ún. Sájẹ́ǹtì dúró síwájú olè náà. "Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, a jọ ń lọ sí àgọ́ ni."

"Ẹ ṣì mí mú," ọkùnrin náà ní. "Arìnrìn-àjò ni mí. Ọ̀fà ni mò ń lọ."

Ládàánì lóṣòó níwájú rẹ̀. "O ti kírun?"

"Mo ti kó Àìlà pọ̀ mọ́ Àlàásàrí, bàbá."

"Rákà mélòó lo kí?"

"Mẹ́rin. Mẹ́rin. Ó di mẹ́jọ."

Àwọn èrò wo ara wọn. Ọmọ kéwú tó kéré jù níbẹ̀ mọ̀ pé ẹni tó wà lórí ìrìn a máa gé ìrun yẹn sí rákà méjì-méjì. Ọkùnrin yìí há ọ̀rọ̀ arìnrìn-àjò sórí, kò kọ́ ìrun rẹ̀.

"Ọmọ mi," ládàánì ní, "ìgbà wo lo kírun gbẹ̀yìn?"

Wọn kò tíì nà án, síbẹ̀ ìbéèrè yẹn ló mú un jẹ́wọ́. "Ó ti pẹ́, bàbá," ó ní, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ti ìrònúpìwàdà ni o, ti ẹ̀rù ni o, èmi ò mọ̀. Ó ní Suhaib lorúkọ òun. Ó ní mọ́sálásí kan lọ́sẹ̀ kan lòun máa ń lò, àti pé ẹni tó bá fẹ́ kírun kì í wo ojú ẹni. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ọjà náà rárá; arìnrìn-àjò tí kì í kúrò ní Ìlọrin.

Màsúdát súnmọ́ ọn. "Ṣé o mọ ẹni tó ni ẹrù tí o kó lọ́wọ́ mi?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ọmọ ọdún méje ni. Ó ti kú."

Suhaib sorí kọ́. "Kò sí orúkọ lára rẹ̀," ó ní.

Nínú yàrá rẹ̀, wọ́n bá ẹ̀rọ ìránṣọ, ṣọ́ọ̀kì, káàdìbọ́ọ̀dù, àti ìwé tó pọ̀ díẹ̀. Hadiza dá gbogbo èyí tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀ padà, pẹ̀lú agolo mílíìkì náà. Sájẹ́ǹtì ya fọ́tò wọn fún ilé-ẹjọ́, ó ní kí Màsúdát buwọ́ lùwé, kó máa kó ẹrù lọ. Ó ní òun náà bímọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n ṣe fìdáù. Àwọn ọmọ kíláàsì kejì jókòó sórí ẹní ní àgbàlá Nafisah, wọ́n pín ìwé fún wọn, wọ́n pín àbọ̀ méjì fún ọmọ méjì-méjì tó ń jókòó pọ̀. Nafisah di ọwọ́ tíṣà mú.

"Aǹtí, ẹ forí jì mí."

"Kò sí ohun tí mo fẹ́ forí jì," Màsúdát ní. Àwọn méjèèjì sunkún, ìsinmi sì wà nínú ẹkún ọjọ́ náà.

Ọlámidé, tí òun àti Raudah máa ń jókòó pọ̀, kò ní ẹnìkejì. Ó tú òwú pupa, ó mú àbọ̀ kan, ó na ìkejì sí Nafisah. "Ti Raudah nìyí."

Nafisah gbà á. Ó jókòó ti ọmọ náà lórí ẹní. Kò lọ sí ilé-ìwé rí, àfi ilé-kéwú. Ó fa ìwé ọmọ náà sọ́dọ̀, ó ṣí i láti ẹ̀yìn, ó sì kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ síbẹ̀ bí àáfà ṣe kọ́ ọ, láti ọ̀tún wá sí òsì.

Ọlámidé fa ìwé náà díẹ̀. "Ìyá, ẹ̀yìn ìwé lẹ ti bẹ̀rẹ̀ yẹn."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Ìwọ máa bẹ̀rẹ̀ tìẹ láti iwájú. Ẹ óò pàdé láàárín."

Ọmọ náà rò ó díẹ̀. Ó wá yí ìwé padà, ó ṣí ewé àkọ́kọ́, ó sì kọ ọjọ́ òní sí òkè rẹ̀.