Ẹ Gbé Mi Délé

Ìkíni ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ìkíni lásán, irú èyí téèyàn lè gbọ́ kó sì gbàgbé kó tó délé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Lará lọ pàdé Charles ọkọ rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, tí wọ́n dé géètì ẹ̀sítéètì wọn ní Màgódò, Bartholomew mẹ́gáàdì bẹ̀rẹ̀ mọ́ fèrèsé mọ́tò bó ṣe máa ń ṣe.

"Ọ̀gá, ẹ káàbọ̀ sà. Màdáámù, ẹ kúu déédéé ìwòyí o." Ó wá gbójú sí ẹ̀yìn mọ́tò, ó tún tẹrí ba. "Uncle, ẹ kú ìrìn. Ẹ bọ́ kóòtù yẹn sílẹ̀ jàre, ooru Èkó ò mọ àlejò."

Lará yí ọrùn padà. Báàgì kékeré tí Charles máa ń gbé kọ́ ẹ̀yìn nìkan ló wà lórí àga.

Charles bú sẹ́rìn-ín, ó ní oòrùn ti pa Bartholomew lórí. Lará kò rẹ́rìn-ín. Ẹ má dá a lẹ́bi. Obìnrin tó fi ọdún gbọọrọ gbààwẹ̀, tó fi orúnkún nu ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kó tó lóyún, tí oyún ọ̀hún sì ti yọ dáadáa ṣùgbọ́n tí ọmọ kò tíì mira nínú rẹ̀ rí, kí ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní fura sí? Dókítà ní kó fọkàn balẹ̀, pé àwọn ọmọ mìíràn máa ń pẹ́ kí wọ́n tó tapá. Ó ní òun ti gbọ́. Síbẹ̀, láràárọ̀ ló ń gbọ́wọ́ lé ikùn, á dákẹ́, á máa retí.

Charles yìí, ẹnjiníà ni, iléeṣẹ́ rẹ̀ a sì máa rán an lọ sí Aberdeen, ní ilẹ̀ Scotland, lọ kọ́ṣẹ́ sí i. Ibẹ̀ ni àwọn òyìnbó ti kó eré kan ràn án. Wọ́n á fi ike pamọ́ sábẹ́ òkúta tàbí sínú ihò igi, wọ́n á kọ nọ́ńbà ibi tó wà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹlòmíì á wá fi ẹ̀rọ kékeré kan tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ wá a lọ. Àgbà ọkùnrin o, tó nírun láyà, tó ń tẹ̀lé ọfà inú ẹ̀rọ káàkiri igbó nítorí ike! Òfin tí wọ́n fi ń ṣe é kò pọ̀. Bí o bá mú nǹkan kan nínú ike, wàá fi nǹkan kan sílẹ̀ dípò rẹ̀. Bí o bá sì rí ohun tí wọ́n so irin pẹlẹbẹ mọ́, arìnrìn-àjò nìyẹn. Kì í ṣe tìrẹ. Ńṣe ni wàá gbé e sún mọ́ ibi tó bá sọ pé òun ń lọ.

Arìnrìn-àjò kan ni Charles gbé bọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó yọ ọ́ nínú báàgì sórí tábìlì ìjẹun: ike dúdú kan, irú èyí tí wọ́n ń kó fíìmù kámẹ́rà sí, tí wọ́n fi sẹ̀lótéèpù wé lẹ́nu yíká yíká. Ẹnì kan ti fi ìṣó ha ọ̀rọ̀ sára irin tó so mọ́ ọn: ÀGBÒYÍ, LÁGOS. Ẹ GBÉ MI DÉLÉ.

"Yorùbá, Lará! Lórí òkè, nínú òjò, láàárín àwọn òyìnbó, mo rí Yorùbá nínú ike. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi."

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"A kì í tú u."

"Charles." Lará rẹ ohùn sílẹ̀, àfi bí ẹni pé àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù jókòó sí pálọ̀. "O gba ẹrù tí wọ́n lẹ̀ lẹ́nu pa lọ́wọ́ ẹni tí o ò mọ̀ rí, o gbé e wọ bàálù, o gbé e kọjá níwájú àwọn agbófinró. Bó bá jẹ́ kokéènì ńkọ́? Ṣé inú ẹ̀wọ̀n lo ti máa sọmọ lórúkọ?"

Ó mi ike náà sétí. Ó fúyẹ́, nǹkan kan sì ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú rẹ̀ bí ìṣáná tó kù díẹ̀ nínú páálí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ara irin yẹn gan-an ló kọ ọ́ lóminú. Ó kà á, ó tún un kà. Ẹrù kì í pe ara rẹ̀ ní "mi". Ẹrù kì í nílé.

"Kò gbọdọ̀ wọ yàrá tí mò ń sùn sí," ló wí. Charles bá gbé e sí yàrá àlejò.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Lará ń gba ẹnu ọ̀nà yàrá àlejò kọjá, ó gbóòórùn odò. Òórùn ẹrẹ̀ tútù àti ojúoró ni, bẹ́ẹ̀ ilé wọn kò sún mọ́ odò kankan. Ó ṣílẹ̀kùn. Ike wà lórí tábìlì bí wọ́n ṣe gbé e sí. Ṣùgbọ́n aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́ ti rún lápá kan, ó sì tẹ̀ wọlẹ̀ níwọ̀n èèyàn. Ó fọwọ́ kan ibẹ̀. Ó tutù bí inú fìríìjì.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Ó pa ilẹ̀kùn dé gbàgà, ó sì lọ bá ọkọ rẹ̀. "Ta ló sùn sí yàrá àlejò?"

"Ta ló kù nílé yìí lẹ́yìn àwa méjèèjì?" ni Charles fi dá a lóhùn.

"Lónìí lo máa gbé nǹkan yẹn lọ síbi tó ń lọ. Lónìí yìí."

Charles lọ lóòótọ́, nítorí wọ́n ti kọ nọ́ńbà ibi tí arìnrìn-àjò náà ń lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó padà dé lọ́sàn-án pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé orúnkún, ó ń bínú bí ẹni tí wọ́n tì sí kòtò. Ọfà darí rẹ̀ dáadáa gba Kétu dé etí omi, ó wọ ọkọ̀ igi sọdá sí Àgbòyí, àfi ìgbà tó gúnlẹ̀ tí ọfà ya wèrè. Bó bá ní apá ọ̀tún ni, tí Charles bá yà sọ́tùn-ún, á ní rárá, ẹ̀yìn ni. Nígbà mìíràn á kọjú sí àárín odò, níbi tí àwọn tó ń wa yanrìn ti ń rì bọmi. Ibi tó ti ń yí bírí bírí bí òòyì ni àwọn ọkùnrin àdúgbò ti yí i ká.

"Wọ́n ní kí ni mò ń wọ̀n," Charles sọ, ó ń bọ́ bàtà. "Mo ní mi ò wọn nǹkan kan. Ọ̀kan nínú wọn ní irọ́ ni, pé bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ẹnì kan á gbé ẹ̀rọ wá wọnlẹ̀, kátapílà á sì tẹ̀lé e. Ó ní ta ló rán mi wá wólé àwọn? Mo ní eré ni mò ń ṣe. Ó ní ṣé òun jọ ọmọdé lójú mi ni? Àjẹ̀ ni wọ́n fi lé mi padà sínú ọkọ̀, Lará. Èmi!"

"O ò ṣe béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n mọ ẹni tó ni nǹkan yẹn?"

"Wọn kì í béèrè nínú eré yìí. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń wá a."

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Charles jáde, kò pẹ́ tó fi wọlé, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ń súfèé. "Ó ti parí," ló wí. "Ike ti délé." Lará dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ṣí gbogbo fèrèsé yàrá àlejò sílẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i.

Lọ́sàn-án Sátidé, ó ń bó ọsàn ní kíṣìnì nígbà tí fóònù géètì dún.

"Màdáámù, Uncle ń bọ̀ o," Bartholomew wí.

"Uncle wo?"

"Uncle oníkóòtù. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù kí n kọ́kọ́ pè yín, bí ẹ ṣe ní ká máa ṣe fún àlejò." Bartholomew wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Màdáámù, wọ́n ní àwọn kì í ṣe àlejò. Wọ́n ní ilé àwọn làwọn ń lọ. Wọ́n ní Ọ̀gá fúnra wọn ló kọ ọ́ pé àwọn ti délé."

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ Lará. Ó yọjú lójú fèrèsé. Oòrùn ń ràn lórí títì, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, kò sí ajá, kò sí ẹyẹ. Ṣùgbọ́n òórùn odò ti gba inú kíṣìnì kan. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé wọn máa ń há. Àfi kéèyàn gbé e sókè díẹ̀ kó tó tì í, kò sì sí ẹni tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ àyàfi ẹni tó ń gbé ilé náà. Ó gbọ́ tí ọwọ́ kan rọra gbé e sókè díẹ̀, tó sì tì í. Ilẹ̀kùn ṣí, kò sẹ́ni tó wọlé. Òtútù kan ló fẹ́ kọjá lára ìró rẹ̀, ó rìn yí i ká, ó sì dúró. Lará fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn rẹ̀ mú.

Ó figbe pe ọkọ rẹ̀. "Charles! Níbo lo gbé ike yẹn sí?"

Charles dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń họ orí. "Ìdí igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé. Lará, Kòsọ́fẹ́ náà ṣáà ni! Àgbòyí àti Màgódò, ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni. Ta ló máa mọ̀ ní Aberdeen?"

"O rì í mọ́lẹ̀?"

"Mo kàn gbẹ́lẹ̀ díẹ̀ ni, mo bò ó."

"O wá kọ ọ́ pé ó ti délé."

Charles yí padà, ó lọ mú ṣọ́bìrì.

Wọ́n wú u lójú ẹsẹ̀. Sẹ̀lótéèpù wà lẹ́nu rẹ̀ digbí, ìka kan kò kàn án. Ṣùgbọ́n nígbà tí Lará mi ín sétí, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní kí wọ́n máa lọ sí Àgbòyí kíá, kí Charles sì fi ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú mọ́tò. "Abéèrè kì í ṣìnà," ló wí. "Ẹnu la máa fi wá ilé yìí."

Àwọn ọkùnrin etí omi rí Charles, wọ́n fajú ro. Wọ́n rí ikùn Lará, ojú wọn rọ̀. "Ọlọ́run á sọ yín kalẹ̀ láyọ̀ o," ni wọ́n ń wí. Ó béèrè bóyá wọ́n mọ ẹni tó léèyàn nílẹ̀ Scotland. Kò tíì sọ̀rọ̀ náà tán tí wọ́n fi nawọ́ sí ìyá arúgbó kan tó ń yan ẹja létí odò. Màmá Keziah ni wọ́n ń pè é.

Ike ni ìyá náà kọ́kọ́ rí. Ó nu ọwọ́ sí ìró. "Ó ti dé," ló wí jẹ́ẹ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà nínú rẹ̀?" Lará béèrè.

"Fáṣínà, ọmọ mi, ẹ̀gbọ́n Keziah. Òtútù ìlú yẹn ló pa á. Enoch ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló pè mí lórí fóònù, ó ní kò sí bí àwọn ṣe lè gbé òkú wálé, pé ibẹ̀ làwọn máa sin ín sí, tòun ti kóòtù rẹ̀. Mo ní kó tó dọ́jọ́ ìsìnkú, kó bá mi gé irun rẹ̀ àti èékánná rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹni tó kú sájò, ibi tí irun àti èékánná rẹ̀ bá wọlẹ̀ sí nilé rẹ̀. Enoch ò níwèé tó lè fi wọ bàálù wálé. Ó ní òun ti rí eré kan tí àwọn òyìnbó ń ṣe, pé àwọn aláàánú á máa gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ mi."

Charles kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ìyá náà fi èékánná ya sẹ̀lótéèpù, ó ṣí ike, ó da ojú rẹ̀ délẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó wo inú rẹ̀ pẹ́, kò sunkún. Ó wá gbójú sókè sí Charles.

"Ẹ ti rì í síbì kan."

"Ilé wa ni, Màmá. Ẹ dárí jì mí."

"Ta ló sọ fún un pé ó ti délé?"

"Èmi ni."

Ìyá náà mi orí. "Ó gbà ẹ́ gbọ́ nìyẹn."

Ó dìde, ó rìn bá Lará, ó sì gbé ọwọ́ rẹ̀ tó ń rùn fún èéfín lé e níkùn láìtọrọ àyè. "Fáṣínà," ló pè é, bí ẹni tó ń jí ọmọ lójú oorun. "Káàbọ̀ o, ọmọ mi."

Ọmọ náà tapá.

Ó ta á gidi, débi pé aṣọ Lará mì. Ayọ̀ ló kọ́kọ́ dé, ẹ má purọ́ mọ́ ọn. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, omijé sì tẹ̀lé e, nítorí ohun tó ti ń tọrọ láràárọ̀ nìyẹn. Ìyá náà ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. "Ẹ má sọ ọ́ lórúkọ kí n tó dé o," ló wí. "Ẹ ránṣẹ́ sí mi. Èmi ni ìyá rẹ̀."

Nínú ọkọ̀ igi, bí wọ́n ṣe ń sọdá padà, ọmọ náà kò dẹ́kun. Ó ń nara bí ẹni tí òtútù ti mú pẹ́, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ibi tó móoru. Charles gbé ọwọ́ lé ikùn ìyàwó rẹ̀, inú rẹ̀ dùn, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run sókè.

Lará ń wo omi.

"Charles. Òfin eré yín yẹn. Bí èèyàn bá mú kan."

"Á fi kan sílẹ̀," Charles wí, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ọmọ tó wà níkùn mi tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ibo la fi í sílẹ̀ sí?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Charles. Ó rọra gbé ọwọ́ kúrò lórí ikùn ìyàwó rẹ̀. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ń ti àjẹ̀ bọ omi.