Ẹni Tí Kọ̀ǹpútà Ràsáàkì Ń Pè

Mi ò mutí rí láyé mi. Mi ò sùn lọ́jọ́ náà, ibà ò sì mú mi. Mo tètè sọ bẹ́ẹ̀ nítorí mo mọ ohun táwọn ènìyàn máa ń bi mí bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí tán. Ẹni tó bá fẹ́, kó gbà á gbọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Gbogbo rẹ̀ ṣojú mi kòró.

Ọdún 1988 ni, nínú ọyẹ́. Kọ̀ǹpútà ni mo ń tún ṣe. Òkèhò ni wọ́n bí mi sí, Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́. Nígbà yẹn, àwọn kọ̀ǹpútà tí mo mọ̀ ní gbogbo Òkè-Ògùn kò pé márùn-ún. Ọ̀kan wà ní Ìsẹ́yìn, nílé ìkọ́ táípù Alájà Àsíátù. Ràsáàkì, ọkọ rẹ̀, ló rà á lọ́wọ́ àwọn òyìnbó kan tó ń la títì, nígbà tí wọ́n ń kẹ́rù wọn lọ sílé. Ràsáàkì ti kú lọ́dún méjì sẹ́yìn.

Alájà ránṣẹ́ sí mi pé ẹ̀rọ náà ti ń fà jù. Òótọ́ ni. Bí ẹ bá tàn án, ẹ lè lọ ra ẹ̀kọ, kí ẹ jẹ ẹ́ tán, kí ẹ tún fọwọ́ kó tó jí. Wọ́n sì ti ṣí ilé ìkọ́ táípù mìíràn sí òdìkejì títì, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tuntun. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Alájà ti ń sọdá lọ síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bá ra ọpọlọ kọ̀ǹpútà tuntun kan bọ̀ láti Ìbàdàn. Ọpọlọ làwa oníṣẹ́ ń pè é: nǹkan pẹlẹbẹ dúdú kan tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, ẹlẹ́sẹ̀ ogójì, ogún lọ́tùn-ún, ogún lósì. Ẹ yọ ti àtijọ́, ẹ ki tuntun bọ ibẹ̀, ẹ̀rọ á yá sí i. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo dé. Wọ́n ti lọ kírun. Ìgboro dákẹ́ rọ́rọ́. Ìró òfì gan-an ò dún. Alájà nìkan ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ kú ọyẹ́ o, Alájà."

"Gbádébọ̀, o káàbọ̀. Ṣé àlàáfíà lo bá dé?"

"Àlàáfíà ni, mà." Mo gbé àpò mi kalẹ̀, mo yọ sukudiráfà.

"Má tíì tú u," ó ní.

"Ṣé ẹ ò fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ mọ́ ni?"

"Mi ò tíì mọ̀. Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kó o kọ́kọ́ rí. Tàn án."

Mo tàn án. Ẹ̀rọ náà kùn. Ojú rẹ̀ dúdú. A dúró. Abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ nìkan ló ń dún. Nígbà tó pẹ́, ọ̀rọ̀ kan jáde sójú rẹ̀, ní lẹ́tà aláwọ̀ ewé.

Àyìnkẹ́.

Ó wà bẹ́ẹ̀ fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi lè ka Fátíà kan. Lẹ́yìn náà ó parẹ́. Ẹ̀rọ jí, ó ń retí iṣẹ́ bó ṣe yẹ.

"Ta ni Àyìnkẹ́?" mo bi í.

"Èmi ni." Kò wò mí. "Bàbá mi ti kú. Ìyá mi ti kú. Alájà ni gbogbo ayé ń pè mí. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó ń fi oríkì pè mí, òun náà ti wà nínú ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé yìí."

Kí n má parọ́, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní Ràsáàkì ló kọ ọ́ síbẹ̀ kó tó kú, pé ọkùnrin a máa kẹ́ ìyàwó rẹ̀. Mo yọ díìsì rẹ̀, mo fi tèmi sí i, mo tàn án. Àyìnkẹ́. Mo yọ pátákó tí à ń tẹ̀ kúrò lára rẹ̀, mo tún un tàn. Àyìnkẹ́. Ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Èmi ni mo mọ ohun tó wà lórí díìsì mi. Kò sí Àyìnkẹ́ kankan níbẹ̀.

"Ó ku ọpọlọ," mo ní.

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi jẹ́ kó o tú u. Bó o bá pààrọ̀ rẹ̀, ṣé á ṣì máa pè mí?"

"Mi ò rò bẹ́ẹ̀, mà."

"Bó ò bá pààrọ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

"Gbogbo àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ á sọdá tán. Kí ọdún tó yípo, ẹ ti kógbá sílé."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Iṣẹ́ yìí ló fi ń jẹun, ìpè yẹn ló sì ń gbé e dìde láràárọ̀. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ lọ.

"Ṣé ẹ ti dá a lóhùn rí?"

"Ó tì o! Ṣé wọn ò kọ́ ẹ nílé ni? Ẹni tí a ò rí, a kì í jẹ́ ìpè rẹ̀. Ọdún méjì, mi ò jẹ́ ẹ." Ó fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra. "Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé òní ló máa lọ, kò ní lọ láìjẹ́ pé mo dáhùn. Á rò pé mò ń bínú sí òun ni."

"Alájà, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

"Ọkọ mi ni, Gbádébọ̀."

Mo so pátákó padà. Mo tàn án. A dúró. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń ti fèrèsé. Àyìnkẹ́ jáde.

Alájà kúnlẹ̀. Orí sìmẹ́ńtì ló kúnlẹ̀ sí, níwájú kọ̀ǹpútà, bí aya ṣe ń kúnlẹ̀ jẹ́ ọkọ. "Ẹ̀ẹ́n, Bàbá Fàtímọ̀," ó ní. Fàtímọ̀ lorúkọ ọmọ tí wọ́n bí. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ó bá na ọwọ́ sókè, ó tẹ̀ ẹ́ kíákíá, ọwọ́ ẹni tó ti fi ogún ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní táípù: Èmi nìyí.

Kọ̀ǹpútà tí kò tíì jí kì í gba lẹ́tà. Ẹ bi oníṣẹ́ yòówù tó bá wù yín. Èyí gbà á. Ọ̀rọ̀ Alájà hàn lábẹ́ Àyìnkẹ́. Abẹ̀bẹ̀ inú ẹ̀rọ dúró. Mi ò gbọ́ ohunkóhun mọ́, títí kan èémí obìnrin náà. Lẹ́yìn náà lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí ẹni tí kò mọ táípù bá ń wá wọn kiri.

"Kí ló kọ?" Alájà ní. "Mi ò mú awò ojú mi. Kà á fún mi."

Awò ojú rẹ̀ wà lójú rẹ̀.

"Alájà..."

"Mo ní kó o kà á."

Mo kà á. "Kì í ṣe ìwọ."

Bí a ṣe ń wò ó, ẹ̀rọ náà tún kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: Àyìnkẹ́. Abẹ̀bẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà parẹ́. Ẹ̀rọ jí.

Ó pẹ́ kí Alájà tó dìde. Ó gbọn eruku kúrò lára ìró rẹ̀. Ó dùn ún, ó dùn ún dọ́kàn. Irú ojú tó ṣe yẹn, ìgbà kan péré ni mo rí i rí, lọ́jọ́ tí wọ́n mú orogún wọlé wá bá ìyá mi.

"Ọdún méjì," ó ní. "Ọdún méjì ni mo fi ń gbọ́ ìpè onípè."

"Ó lè jẹ́ ẹ̀rọ ló ń ṣe wèrè, mà. Ẹ jẹ́ n yọ ọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó tán."

"O ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án!" Ohùn rẹ̀ le débi pé sukudiráfà bọ́ lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà ó rọ ohùn sílẹ̀. "Àyìnkẹ́ mélòó ló wà nílùú yìí, Gbádébọ̀? Bó o bá yọ ọ́, báwo ni n ó ṣe mọ èyí tí ó ń pè?"

"Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ńkọ́?"

"Kí wọ́n máa sọdá."

Ó gbé àga kan wá síwájú kọ̀ǹpútà, ó fi etí aṣọ nù ún. Ó gbé tirẹ̀ ti ògiri, ó jókòó, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

Wọ́n ti ń jáde ní mọ́ṣáláṣí. Ẹsẹ̀ ń dún lójú títì. Obìnrin kan yọjú sí wa pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ó fẹ́ kí wọ́n bá òun fi táípù tẹ̀ ẹ́. Ó kúnlẹ̀ kí Alájà. Alájà tó jẹ́ pé díẹ̀ ló kù kó máa kí ewúrẹ́ tó ń kọjá, kò dá a lóhùn.

"Kí ni oríkì rẹ?" ó ní.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Àbẹ̀kẹ́ ni, mà."

Alájà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó nawọ́ sí bẹ́ńṣì ìta, kì í ṣe sí àga iwájú kọ̀ǹpútà. "Lọ jókòó síbẹ̀yẹn."

Mo kó irinṣẹ́ mi, mo dìde. Mo ní ó dìgbà, kò gbọ́. Bí mo ṣe ń jáde, obìnrin méjì mìíràn ń bọ̀.